MS ò jẹ́ kí n rí eyín fọ̀ bó ṣe yẹ mọ́, ẹni tó bá mọ ọ̀nà kó là mí lọ́yẹ̀ o

TisaOkelele | Ọjọ́ Ajé, 9:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti tó ọdún kan tí mo ti ń yọ́ wá ka ọ̀rọ̀ níbí láì sọ nǹkan kan, àmọ́ tòní ti kọjá kí n dákẹ́. Tísà ni mí n'Ílọrin, ẹni ọdún 36, ó ti pé ọdún 4 tí wọ́n ti sọ fún mi pé MS (multiple sclerosis) ló ń ṣe mí. Kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀, ọdún méjì gbáko ni mo fi tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù tí kò sí lára mi, àwọn kan ní ayé ni, àwọn kan ní mo ń ronú jù. Fún ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, MS ni kí ọmọ ogun inú ara ẹni máa bá ara ẹni jà, á máa bó èèpo ara àwọn iṣan inú ọpọlọ àti ti ọ̀pá ẹ̀yìn bí ìgbà tí eku jẹ rọ́bà ara wáyà NEPA, iná ò tíì lọ o, ṣùgbọ́n ṣe ló ń ṣẹ́jú.

Ohun tó gbé mi wá ni ẹnu mi. Wọ́n máa ń kì wá ní Ìlọrin Àfọ̀njá, ẹnu dùn ju iyọ̀, tèmi ti wá di iyọ̀ pọ́ńbélé, torí omi iyọ̀ ni mo fi ń yọ́ ọ láàárọ̀ lálẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi máa ń kú tìpìrì, búrọ́ọ̀ṣì á kàn bọ́ lọ́wọ́ mi, mi ò ní mọ̀ àfi tí mo bá gbọ́ ìró ẹ̀ nínú bésìnnì. Tó bá di alẹ́ ó ti rẹ̀ mí débi pé màá jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, màá máa wo ilẹ̀kùn balùwẹ̀ bí ẹni ń wo ọ̀nà Jẹ́bà. Ẹnu gbẹ, ahọ́n lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu. Èrìgì ń ṣẹ̀jẹ̀, mo gé búrẹ́dì jẹ lánàá, mo rí pupa lára ẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, kò jọ eyín dídùn tí mo mọ̀, ṣàà! bí ìgbà tí iná bá gbé èèyàn, á fi mí sílẹ̀, ṣàà! á tún dé. Tí mo bá ń bọ́jú, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ bá fẹ́ sí mi, tí mo bá fẹ́ ṣe àlùwàlá gan-an ẹ̀rù á ti máa bà mí. Mo lọ síbì kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n ní eyín ni, wọ́n yọ ọ́. Kò lọ. Mo padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n yọ ìkejì. Kò lọ. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ yọ ìkẹta ni màmá mi fa ìró mi, wọ́n ní "dìde ńlẹ̀ ká máa lọ, ṣé eyín lo wá tà ni?" Dókítà tó ń rí sí ọpọlọ ló wá sọ fún mi nígbà tó yá pé trigeminal neuralgia ni wọ́n ń pè é, iṣan ojú ló ń ṣe é, eyín ò mọwọ́ mẹsẹ̀, àti pé ó máa ń bá àwa tá a ní MS ju àwọn ẹlòmíì lọ. Ọ̀kan nínú àwọn eyín yẹn wà nínú páálí ìṣáná lọ́dọ̀ mi dòní, ó funfun báláú, ẹ ò lè rí ihò kankan lára ẹ̀.

Mi ò dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ eyín kankan mọ́ látìgbà náà, ẹ̀rù wọn ń bà mí. Kí ni kí n ṣe o?

MamaWaraGanmo | 9:40 alẹ́

Ọmọ mi pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún ẹ lálàáfíà. Ọ̀rọ̀ ìyá ẹ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín, ìyá gidi nìyẹn. Èmi ò mọ MS o, ìtọ̀ ṣúgà lèmi ń bá fà á, ṣùgbọ́n ẹnu gbígbẹ yẹn mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Omi ni kó o máa mu, díẹ̀díẹ̀, má dúró dìgbà tí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́. Àwọn àgbà tún máa ń ní kéèyàn máa jẹ orógbó sí i. Mi ò tíì sùn, mò ń ka ohun tẹ́ ẹ ń sọ.

OmoOlofa84 | 10:05 alẹ́

Ẹ kú ìnira o Àǹtí Tísà. Ìyàwó mi ló ní tiwa, ọdún 7 rèé. Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀ffà, ẹ ò tíì rí ìjàkadì tó tó èyí tí òun àti búrọ́ọ̀ṣì máa ń jà láràárọ̀, gbígbọ̀n lọwọ́ tiẹ̀ máa ń gbọ̀n, tó bá wá ku díẹ̀ kó kan ẹnu ló máa ń gbọ̀n jù, ó ti fi gún èrìgì ara ẹ̀ rí. Ohun tá a ṣe rèé. Mo lọ bá fọkanáísà tó wà nítòsí ilé wa, mo ní kó gé túbù kẹ̀kẹ́ tó ti bàjẹ́ fún mi, mo fọ̀ ọ́ dáadáa, mo wé e mọ́ ìdí búrọ́ọ̀ṣì títí tó fi ki tó àtàǹpàkò méjì, ó wá ṣeé dì mú, kì í yọ̀ kódà tí omi bá kàn án. Kò dúró fọ eyín mọ́ náà, àga la gbé síwájú tábìlì, abọ́ kan fún títutọ́, kọ́ọ̀pù omi, díńgí kékeré, á fi ìgúnpá méjèèjì ti tábìlì, ọwọ́ òsì á di ọrùn ọwọ́ ọ̀tún mú, orí á wá lọ bá búrọ́ọ̀ṣì dípò kí búrọ́ọ̀ṣì máa wá orí kiri. Gbígbọ̀n yẹn ò tán o, ṣùgbọ́n ó dín kù gan-an. Kì í tún tẹ ọṣẹ sórí búrọ́ọ̀ṣì mọ́ torí ìdajì ẹ̀ ilẹ̀ ló máa ń bọ́ sí, inú ẹnu ló ń tẹ̀ ẹ́ sí tààrà, bí ẹ̀wà kan báyìí, ó tó.

Àbúrò ẹ̀ tó wà lókè òkun fi búrọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ránṣẹ́, èyí tó ń yí fúnra ẹ̀. Òun náà dáa, ìdí ẹ̀ ki, kò ní kéèyàn máa fa ọwọ́ síwá sẹ́yìn, kó ṣáà gbé e lé ojú eyín kó máa sún un. Àmọ́ ó wúwo, tọ́wọ́ bá ti rẹ̀ ẹ́ kò lè gbé e, ìgbà yẹn la máa ń padà sí ti fọkanáísà. Ẹ má náwó lé e tẹ́ ò bá tíì gba ti ẹlòmíì dání wò.

Aremu_Ajase | 10:31 alẹ́

Ẹ̀yin èèyàn yìí náà, kí ni gbogbo wàhálà yìí. Irin dúdú tí wọ́n fi ń dí ihò eyín, mẹ́kúrì wà nínú ẹ̀, mo kà á lórí WhatsApp pé òun gan-an ló ń fa MS, ẹni tó bá ti yọ ọ́ ara ẹ̀ á yá. Ẹ lọ yọ ọ́, kẹ́ ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀, ìyá kan wà n'Ájàṣẹ́ tó ń ta àgbo tó ń fọ iṣan, ìgò méjì péré.

Eyinfunfun | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:20 àárọ̀

Bọ̀dá Àrẹ̀mú ẹ jọ̀ọ́ ẹ rọra. Iṣẹ́ eyín ni mò ń ṣe, mi ò ní mo jẹ́ dókítà o, àwa tá a máa ń ha eyín fáwọn èèyàn ní ọsibítù ni, ọdún 11 mi rèé lẹ́nu ẹ̀, ọmọ Ọmù-Àrán. Òótọ́ ni pé mẹ́kúrì wà nínú irin yẹn, ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀rí pé òun ló ń fa MS, kò sì sí ẹ̀rí pé téèyàn bá yọ ọ́ MS á lọ. Ẹni tó bá lọ ń gbẹ́ eyín tí ò dùn ún, eyín ló máa pàdánù. Àǹtí Tísà ti fi méjì ṣòfò, ẹ jẹ́ ó tó.

MS fúnra ẹ̀ kì í jẹ eyín. Látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, àwọn tó ní in tí mo bá pàdé, ọwọ́ ni ò lágbára tó, àárẹ̀ ni ò jẹ́ kí wọ́n lè fọ̀ ọ́ lálẹ́, oògùn sì ti gbẹ ẹnu wọn. Àwọn èèyàn ò ka itọ́ sí nǹkan kan, pọ́ọ̀ wọ́n á tu ú, bẹ́ẹ̀ itọ́ ló ń ṣan oúnjẹ kúrò lára eyín, òun ló ń pa kíkan tó máa ń jáde lára ṣúgà, ibi tí eyín bá tún ti ń rọ̀ òun náà ló ń tún un ṣe díẹ̀díẹ̀. Tí kò bá sí itọ́, eyín á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nídìí, níbi tó ti wọ èrìgì. Àǹtí, àwọn oògùn wo lẹ ń lò? Ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí.

TisaOkelele | 7:02 àárọ̀

Ẹ ṣeun gan-an, mi ò tíì kúrò nílé. Baclofen, torí ẹsẹ̀ tó ń le gbagidi. Oxybutynin, torí ìtọ̀ tí kì í jẹ́ kí n parí kíláàsì kan. Carbamazepine fún ẹ̀rẹ̀kẹ́. Amitriptyline lálẹ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o, àpò oògùn mi ti tóbi ju báàgì ìwé mi lọ.

Bọ̀dá Ọ̀ffà, ọ̀rọ̀ fọkanáísà yẹn wọ̀ mí lára, lónìí yìí gan-an ni.

Eyinfunfun | 7:45 àárọ̀

Ẹ ò rí i? Oxybutynin àti amitriptyline, àwọn ni ọ̀gá nínú kí ẹnu gbẹ, baclofen náà ń ṣe díẹ̀ kún un. Oògùn tó ń dá ìtọ̀ dúró ló ń dá itọ́ dúró, àmì orí ẹ̀ nìkan la fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ nínú ìwé, ara ò sì mọ àmì. Ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn jáwọ́ nínú ìkankan fúnra yín o! Baclofen pàápàá, ẹni tó bá já a lójijì lè máa rí ohun tí ò sí níbẹ̀, gìrì lè mú un. Dókítà yín ni kẹ́ ẹ lọ bá, ẹ ní ẹnu mi ń gbẹ, ó lè dín in kù, ó lè pààrọ̀ ẹ̀, ó lè yí àsìkò tẹ́ ẹ ń lò ó padà.

Tilé wá ńkọ́. Ọṣẹ tó ní fluoride ni kẹ́ ẹ rà, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀, kó wà láàárín 1000 sí 1500 ppm, ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́, bí ìṣẹ́jú méjì méjì. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan lagbára yín ká, ti alẹ́ ni kẹ́ ẹ dì mú, torí tá a bá ti sùn itọ́ á tún dín kù sí i. Tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tán ẹ tu ú dànù, ẹ má fi omi yọnu lẹ́yìn ẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ṣòro, gbogbo wa la fẹ́ràn ká bu omi sẹ́nu ká pọ́n ọn kọ̀ọ̀kọ̀ọ̀, àmọ́ omi yẹn ló ń kó fluoride lọ. Omi iyọ̀ ò burú tí èrìgì bá wú, kò kàn lè ṣiṣẹ́ tí ọṣẹ ń ṣe. Èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀, àwọn èèyàn máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ torí ẹ̀jẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìdọ̀tí tó wà níbẹ̀ ló fa ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún. Búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀, ẹ rọra gbé e sí ìdí eyín níbi tó ti kan èrìgì.

Màmá Gánmọ̀, ẹ má bínú, orógbó yẹn ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná fún ẹni tó ń lo oògùn mẹ́rin. Àti ẹ̀yin náà, ìtọ̀ ṣúgà àti èrìgì ọ̀rẹ́ burúkú ni wọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo tiyín.

MamaWaraGanmo | 8:10 àárọ̀

Mo gbọ́ ọmọ mi. Ta ló bí ẹ l'Ọ́mù-Àrán, o mà gbọ́n o.

Aremu_Ajase | 8:26 àárọ̀

Ó dáa o, mo ti gbọ́ ti irin. Àgbo ńkọ́?

Eyinfunfun | 8:41 àárọ̀

Bọ̀dá Àrẹ̀mú, ẹ bi ìyá tó ń tà á pé kí ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n bá sọ ọ́ fún yín kẹ́ ẹ kọ ọ́ síbí.

Kayus_Tanke | 1:15 ọ̀sán

Àǹtí Tísà ẹ kú ìṣẹ́. Àbúrò yín lèmi, 23, MS tèmi ò tíì pé ọdún kan. Ẹ̀ṣẹ̀ tèmi ni mínǹtì. Ẹnu ń gbẹ, mo wá ń fi súìtì mínǹtì sẹ́nu láàárọ̀ ṣúlẹ̀ nínú lẹ́kíṣọ̀, oṣù mẹ́ta péré, eyín mẹ́rin ti lu. Ṣúgà nínú ẹnu tí ò ní itọ́, kẹrosíìnì lójú iná ni. Ní báyìí ṣingọ́ọ̀mù tí ò ní ṣúgà ni mò ń jẹ, èyí tí wọ́n kọ xylitol sára ẹ̀, jíjẹ yẹn gan-an máa ń fa itọ́ wá, kò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ náà.

Ti àárẹ̀, mo rí ọgbọ́n kan dá sí i. Mi ò dúró dìgbà tí mo bá fẹ́ sùn mọ́. Aago 7 ni mò ń jẹun alẹ́, mo máa sinmi díẹ̀, mo fọ eyín, mo ti ilẹ̀kùn ẹnu pa, àfi omi ló tún lè wọlé. Àwọn ará ilé wa máa ń pè mí lólóògùn torí mi ò ń jẹ suya mọ́ lálẹ́.

Ẹ sì ṣọ́ ooru. Ẹ mọ bí Ìlọrin ṣe ń rí nínú March, tí ò bá wá síná, ara mi á yọ́ bí òrí. Dókítà Jámánì kan tó ń jẹ́ Uhthoff ti kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1890 pé ojú àwọn tó ní MS máa ń ṣe bàìbàì tí wọ́n bá ṣe iṣẹ́ agbára, tó bá yá á tún padà, ẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n wá mọ̀ pé gbígbóná ara ló ń fà á. Lójú tèmi, kò kan ojú nìkan, ọwọ́ náà ń bá a lọ. Torí náà mi ò kí ń fọ eyín lẹ́yìn tí mo bá fi omi gbígbóná wẹ̀, mo máa ń fọ̀ ọ́ ṣáájú ni, kí ọwọ́ tó di àmàlà.

Alfa_Pakata | 2:50 ọ̀sán

Àsàláàmù alékùn. Látàná lẹ ti ń sọ̀rọ̀ eyín n'Ílọrin, kò sẹ́ni tó dárúkọ síwáàkì, igi pákò àwa Mùsùlùmí, ó yà mí lẹ́nu o. Sunnah Ànábì ni, àwọn bàbá wa lò ó, ọ̀pọ̀ wọn ló gbé eyín wọn dé sàréè. Tí ààwẹ̀ bá tún dé, kí lẹ máa fi ọṣẹ ṣe lọ́sàn-án? Ohun kejì, Ìyá Tísà, ọ̀rọ̀ àlùwàlá tẹ́ ẹ sọ. Ẹ̀sìn ò ní kẹ́ ẹ fi ara yín jìyà, ẹ lo omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, tí omi bá sì ń ṣe yín ní jàǹbá lóòótọ́, táyámọ́ọ̀mù, ìyẹn fífi erùpẹ̀ dípò omi, wà fún aláìsàn. Ẹ bá Àlúfà àdúgbò yín sọ ọ́, wọ́n á ṣàlàyé.

TisaOkelele | 3:30 ọ̀sán

Waaleekumu-salaamu Àlúfà. Ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ gbé kúrò lórí mi yìí.

Eyinfunfun | 5:12 ìrọ̀lẹ́

Àlúfà, síwáàkì ò ní ọ̀tá lọ́dọ̀ mi. WHO gan-an ti fọwọ́ sí i láti 1986 pé kí àwọn tó ń lò ó máa lò ó lọ. Orín àta tí àwọn bàbá wa ń rún nílé wa náà ṣiṣẹ́. Ibi tó ti kù díẹ̀ ni pé ọwọ́ àti ẹnu ló ń ṣe gbogbo ẹ̀: kó tó kan ẹ̀yìn eyín nínú lọ́hùn-ún ọwọ́ ti fẹ́ rẹ̀, ẹni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ bá sì ti kú lè fi gún èrìgì kó má mọ̀. Èyí tí mo máa ń sọ fáwọn èèyàn mi tí ààwẹ̀ bá dé ni kí wọ́n fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ lẹ́yìn sààrì, kí wọ́n tún fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó sùn, síwáàkì á wá wà láàárín, kí wọ́n máa gé orí ẹ̀ tó bá ti gbó. Ẹni tó ń lo oògùn MS kó sọ fún dókítà ẹ̀ kí ààwẹ̀ tó wọlé, kì í ṣe lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún.

TisaOkelele | 9:20 alẹ́

Mo ti wé túbù mọ́ búrọ́ọ̀ṣì mi o!! Ó dà bí ọmọ odó. Kò bọ́ lọ́wọ́ mi lálẹ́ yìí.

Ó ku ìbéèrè. Tí mo bá tún lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ eyín, àga wọn yẹn tí wọ́n máa ń tẹ̀ sẹ́yìn, omi máa ń fún mi lọ́fun, ó máa ń pá mi lórí. Ìkejì, mo gba dírípù methylprednisolone ọjọ́ mẹ́ta lóṣù tó kọjá nígbà tí ẹsẹ̀ mi tún kọṣẹ́, lẹ́yìn ẹ̀ ahọ́n mi funfun bí ẹni lá ẹ̀kọ, ó ń ta mí tí mo bá jẹ ata. Ó ti fẹ́ lọ báyìí.

Eyinfunfun | 10:03 alẹ́

Ti ahọ́n funfun yẹn, oògùn steroid, bíi methylprednisolone tẹ́ ẹ gbà yẹn, máa ń rọ ọmọ ogun ara lọ́wọ́, ohun kan tó ń jẹ́ Candida á wá ráyè hù lẹ́nu, ẹnu gbígbẹ náà ń ràn án lọ́wọ́. Tó bá tún ṣe bẹ́ẹ̀ ẹ má fi kàǹìnkàn ha á, ẹ jẹ́ kí dókítà wò ó, oògùn tí wọ́n máa ń kán sẹ́nu wà fún un.

Ti àga, ẹnu yín ni kẹ́ ẹ fi kọ mé jẹ. Kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ sọ fún wọn pé MS ń ṣe mí, ẹ má tẹ̀ mí sẹ́yìn pátá, ẹ jẹ́ kí n gbé orí sókè, ẹ fa omi kúrò lẹ́nu mi léraléra, tí mo bá gbé ọwọ́ òsì sókè ẹ dúró. Ẹ gba àárọ̀ kùtù, kí ooru tó mú, kí ara yín tó rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ṣe gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ to orúkọ gbogbo oògùn yín sórí ìwé kan. Ti carbamazepine yẹn ṣe pàtàkì, torí tí wọ́n bá fẹ́ fún yín ní oògùn tó ń pa kòkòrò, erythromycin àti clarithromycin máa ń mú kí carbamazepine pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ojú á máa kọ yín, ẹsẹ̀ á máa ta gọ́ọ́gọ́. Wọ́n ní òmíì tí wọ́n lè fún yín.

Èyí tó wà lọ́kàn yín gan-an, ìyẹn yíyọ eyín. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ yọ eyín yín láì ya fọ́tò ẹ̀. Eyín tó bá jẹrà, omi tútù àti ṣúgà máa ń ta á, ó máa ń dùn kan èèyàn bí ìdajì wákàtí, wákàtí kan, ẹ̀ẹ́ mọ èyí tó ń dùn yín tí wọ́n bá kàn án. Ti iṣan ojú, bí iná ni, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tàbí ìṣẹ́jú kan sí méjì, fífọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ lásán tó láti jí i. Ẹ sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ fún wa yìí. Àmọ́ ẹ má wá rò pé gbogbo ìrora ni iṣan o, eyín ẹni tó ní MS náà lè jẹrà lóòótọ́.

OmoOlofa84 | 10:30 alẹ́

Ẹ dákun, ẹ jẹ́ n bèèrè tèmi. Láàárín oṣù méjì yìí àwọn ọjọ́ kan wà tí ìyàwó mi ò lè fọ̀ ọ́ rárá, èmi ni mò ń bá a fọ̀ ọ́. Ojúkojú la máa ń wà, ó máa ń jọ ìjà, ó ti bù mí níka jẹ rí. Àti pé ṣé Ìbàdàn ni ká máa lọ fún eyín ni?

Eyinfunfun | 10:48 alẹ́

Haha ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ kúrò lójúkojú. Ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ dúró lẹ́yìn ẹ̀, kó fi orí ti àyà yín, ẹ fi ọwọ́ òsì gbá àgbọ̀n ẹ̀ mú, ẹ wá fi ọ̀tún fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ eyín ara yín. Ọṣẹ díẹ̀, omi díẹ̀, kó dorí kodò díẹ̀ kó má bàa pá a lórí. Ẹ má ki ìka bọ àárín eyín. Tó bá ń rẹ̀ ẹ́, òkè láàárọ̀, ìsàlẹ̀ lọ́sàn-án, kò sófin tó ní kẹ́ ẹ ṣe é tán lẹ́ẹ̀kan. Ìbàdàn jìn, UITH (ọsibítù ńlá Yunifásítì Ìlọrin) n'Ílọrin níbí ní ẹ̀ka eyín.

MamaWaraGanmo | 10:55 alẹ́

Ọkọ rere. Obìnrin náà ò gbọdọ̀ tún bù ẹ́ jẹ o. Ẹ̀yin èèyàn yìí, ṣé wàrà ò ní ṣe eyín ní nǹkan? Ẹ má torí pé mò ń tà á sọ pé mò ń polówó.

Eyinfunfun | 11:01 alẹ́

Màmá, wàrà dáa fún eyín, ẹ polówó ẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe fẹ́. Èyí tẹ́ ẹ dín náà dáa.

TisaOkelele | Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8:37 alẹ́

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o gbogbo ilé. Mo lọ.

Aago 8 àárọ̀ ni mo gbà, màmá mi tẹ̀ lé mi, wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá. Mo gbé páálí ìṣáná yẹn dání. Mo ṣí i lé tábìlì fún obìnrin tó fẹ́ wò mí, mo ní mà, èyí ni wọ́n yọ fún mi, ẹ bá mi wò ó kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ó yí i síwá yí i sẹ́yìn, ó dákẹ́, ó ní "ẹ pẹ̀lẹ́ mà". Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ara mi sì balẹ̀. Ó ya fọ́tò. Eyín kan ti ń jẹ nídìí lóòótọ́, lápá ọ̀tún, níbi tí Eyinfunfun wí gẹ́lẹ́, ó dí i. Ó ní ìdọ̀tí tó wà lẹ́yìn eyín iwájú mi nísàlẹ̀ ti le bí òkúta, ó ha ìdajì ẹ̀, ó ní kí n padà wá fún ìyókù lẹ́yìn ọjọ́ 10. Nígbà tí omi tútù ẹ̀rọ wọn kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, ṣàà! mo gbé ọwọ́ òsì sókè, ó dúró lóòótọ́. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló fi parí ẹ̀, inú kọ́ọ̀pù ló ń bù ú.

Èrìgì ò ṣẹ̀jẹ̀ mọ́ láti bí ọ̀sẹ̀ kan, àfi lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbàgbé alẹ́. Dókítà dín oxybutynin mi, ẹnu ṣì ń gbẹ, ṣùgbọ́n kò tó ti tẹ́lẹ̀, mo sì ti ń sáré jáde ní kíláàsì lẹ́ẹ̀kan sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kò sí èyí tí ò ní gbèsè ẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí mo rí mọ̀ ni pé tí mo bá lo carbamazepine tí mo dúró bíi wákàtí kan sí méjì kí n tó fọ eyín, kì í fi bẹ́ẹ̀ jí.

Túbù yẹn ti ń tú o Bọ̀dá Ọ̀ffà, mo ti fi rọ́bà ìdí ọwọ́ ọ̀kadà rọ́pò ẹ̀, èyí tí wọ́n máa ń dì mú tí wọ́n bá ń gùn ún.

Kayus_Tanke | 9:02 alẹ́

Àǹtííí! Èyí dùn mọ́ mi. Rọ́bà ọ̀kadà yẹn, ibo lẹ ti rí i, ṣé ó wọ búrọ́ọ̀ṣì èyíkéyìí?

TisaOkelele | 9:15 alẹ́

Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta páàtì ọ̀kadà. Bèèrè èyí tó rọ̀, tó ní ojú gbẹ̀rẹ̀jẹ̀gbẹrẹjẹ, má ra èyí tó le. Ihò ẹ̀ máa fẹ̀ ju ìdí búrọ́ọ̀ṣì lọ, mo fi aṣọ tín-ín-rín wé ìdí ẹ̀ kí n tó tì í bọ̀ ọ́. Ọjọ́ Jímọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mò ń bọ́ ọ, mo fọ̀ ọ́, mo sá a sóòrùn, mo pààrọ̀ aṣọ yẹn, torí omi máa ń jókòó sínú ẹ̀, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mi ò bọ́ ọ ṣe ló hu èéhù dúdú.